Sí Ẹ̀yin Oníbàárà Wa: Nítorí Tábìlì Tó Pẹ́ Lọ́wọ́ Wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú sùúrù. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín tó gbé tábìlì àtijọ́ wá fún wa láti tún ṣe ti ń ka oṣù sí wa lọ́rùn. Ẹnìkan tiẹ̀ bi mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ṣé igi náà la lọ gbìn ni, tí tábìlì òun kò fi tíì jáde. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Ẹlòmíràn wá gba tirẹ̀, ó wò ó yí po, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò rí àpá dúdú ibí yìí ni?" Mo rí i. Èmi gan-an ni mo fi í sílẹ̀. Ìbéèrè méjèèjì yìí ni mo fẹ́ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi tábìlì kan tó wà níwájú mi báyìí ṣàlàyé. Pákó nípọnnípọn mẹ́rin ni wọ́n tò pọ̀ ṣe ojú rẹ̀, irú èyí tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ọwọ́ fá, tí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ rá a, ẹ ó mọ ibi tí irin ìfági gbà kọjá. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi wọlé. Ìkẹrin wà nínú àpò nílọ́ọ̀nù. Pákó kan ti là láti etí dé àárín. Ẹnìkan ti gbìyànjú àtúnṣe rí: ó gbé páànù pẹlẹbẹ sábẹ́ ibi tó là, ó fi ìṣó gbàǹgbà-gbàǹgbà gbá a mọ́ ọn, ṣóńṣó ìṣó kan sì yọ jáde lójú tábìlì. Ó wá kùn ún lọ́dà kí a má baà rí i. Ẹlòmíràn tún kun ọ̀dà lé ọ̀dà. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ méjì ti rọ̀ bíi kànìnkànìn, nítorí ó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ tútù.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a ṣe lára rẹ̀ ni pé a kò ṣe nǹkan kan. A gbé e kalẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti lè gba abẹ́ àti òkè rẹ̀ kọjá, a sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ojú ọjọ́ bá ní ọ̀rinrin, igi á fa omi sára, á wú. Bí ó bá gbẹ, á súnkì. Kì í sì í wú lọ́gbọọgba. Fífẹ̀ rẹ̀ ló ń yí padà, gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Pákó tútù tó bá gbẹ tán lè pàdánù bí ìdá 5 sí 10 nínú 100 fífẹ̀ rẹ̀, nígbà tí gígùn rẹ̀ kì í dín tó ìdá 1. Tábìlì tó ti gbé inú ọ̀rinrin fún ọdún púpọ̀, bí a bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó dé, ẹ̀ya tuntun là ń ránṣẹ́ pè. A ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ méjì, òun la fi ń wọn omi inú igi. Nínú ilé tó gbẹ dáadáa, nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 8 sí 12 nínú 100. Títí nọ́ńbà náà yóò fi dúró lójú kan, gọ́ọ̀mù kò jáde nínú agolo.

Ìyà ló kọ́ mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, mo gba tábìlì kan, mo lẹ ojú rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kejì, mo fi igi méjì dábùú abẹ́ rẹ̀, mo sì de súkúrúù mọ́ ọn pinpin kó má baà tún là mọ́. Lójú mi, kò sí ohun tó lè tu ú. Kò tó oṣù márùn-ún tí oníbàárà náà pè mí: ó ní àwọn jókòó jẹ́ẹ́ lálẹ́, nǹkan dún gbàù bí ìbọn. Pákó fẹ́ súnkì, súkúrúù kò gbà fún un, ló bá ya ara rẹ̀ sí méjì. Mo tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ojú sì tì mí. Láti ìgbà náà, ihò tí a ń lu sí igi ìdábùú kì í ṣe róbótó mọ́. Gbọọrọ ni, kí súkúrúù lè máa bá pákó rìn díẹ̀. Bí ẹ bá dojú tábìlì yín dé tí ẹ rí ihò gbọọrọ, ẹ má rò pé ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ló yẹ̀.

Ẹsẹ̀ kẹrin tó wá nínú nílọ́ọ̀nù kò burú tó bí ó ṣe rí lójú. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ tí wọ́n sè láti ara awọ àti egungun ẹran ló mú un tẹ́lẹ̀, irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ sì máa ń rọ̀ bí a bá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin ín. A fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ojú ihò tí ẹsẹ̀ náà ń wọ̀ mọ́ títí igi gan-an fi hàn, nítorí gọ́ọ̀mù òde òní kì í mú bí ògbólógbòó bá ṣì wà níbẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí ni àwọn ẹsẹ̀ méjì tó jẹrà. Igi tó jẹrà kì í san. A gé e títí a fi dé ibi tí ṣóńṣó irin kò lè wọlé mọ́, a sì fi ègé igi irú rẹ̀ kan náà rọ́pò. Ìdagẹ̀rẹ̀ la máa ń gé e, nítorí bí ẹ bá gé igi ní ìbú gan-an, ẹnu ibẹ̀ á fa gọ́ọ̀mù mu tán, kò ní dì mú. Bí a bá gé e dagẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ pàdé ẹ̀gbẹ́, ó sì di ọ̀kan.

Ní ti kòkòrò: àwọn ihò wínníwínní tí ẹ máa ń rí, tí kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ, ẹnu ọ̀nà àbájáde ni. Ìdin ti ń jẹ inú igi fún ọdún mélòó kan kó tó di kòkòrò tó ní ìyẹ́, tó wá lu ihò jáde. Ihò nìkan kò lè sọ bóyá ẹnìkan ṣì wà nílé. A máa ń gbọn ẹsẹ̀ tábìlì dáadáa, a ó gbá abẹ́ rẹ̀, a ó tẹ́ bébà dúdú síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí lẹ́búlẹ́bú bá kóra jọ sójú kan lórí bébà, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ lókè nìyẹn. Oògùn apakòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní boron, tí a pò mọ́ omi, la fi ń kun irú rẹ̀, ìhòòhò igi la sì gbọ́dọ̀ kùn ún sí, torí kò lè gba inú ọ̀dà kọjá. Ti ikán burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè jẹ inú tán kí òde ṣì máa dán. Ẹ fi ìka lu igi náà. Bó bá ń dún bí agolo òfìfo, ẹ pè wá kí ẹ tó gbé e.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi sáńpépà ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ nínú ilé. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé ìgbà náà. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni wọ́n tó fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé. Eruku rẹ̀ máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Àwa máa ń rin ín ká tó ha á, a ó sì kó gbogbo èérún rẹ̀ jọ sínú àpò.

Ó wá ku àpá dúdú tí ẹ bi mí. Ìdọ̀tí kọ́ ni. Irin ìṣó, omi, àti oje kíkorò kan tí àwọn igi kan ní nínú ló pàdé, wọ́n sì di àwọ̀ dúdú tó wọ inú igi lọ. Ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní oxalic acid lè fa púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò (májèlé ni, ẹ má ṣe é láìwọ ìbọ̀wọ́), a sì lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá ojú ìṣó gan-an kì í tán. Kí n tó lè mú un kúrò pátápátá, mo ní láti fá gbogbo ojú tábìlì náà wọlé. Àwọ̀ tí igi fi ọdún púpọ̀ dà kò nípọn ju èékánná lọ. Bí mo bá fá a, tábìlì tuntun tó ní ẹsẹ̀ àtijọ́ ni ẹ ó gbà. Mi ò lè ṣe é. Bí ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn, kò burú, ẹ sọ fún wa ṣáájú, a ó júwe ẹni tó lè ṣe é. Bákan náà ni ti epoxy aláwọ̀ búlúù (gọ́ọ̀mù olómi tó máa ń le gbagidi) tí àwọn kan fẹ́ kí á dà sí ojú ẹ̀ya kó lè dà bí odò. Ó rẹwà lára pákó tuntun. Lára tábìlì àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lẹ́yìn wa kò ní rí i yọ. Igi tí a gbẹ́ bíi labalábá la máa ń fi sójú ẹ̀ya, kó lè so apá méjèèjì mọ́ra.

Òróró linseed, tí wọ́n fún láti ara èso kan, la fi ń parí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa: a ó kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́, a ó nù ún, a ó dúró ó kéré tán ọjọ́ kan, a ó tún kùn. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ máa kùn ún fúnra yín nílé, ẹ má ká àkísà olóróró jọ síbì kan. Bí òróró náà ti ń gbẹ, ó ń mú ooru jáde, àkísà tó wà ní kíkájọ sì lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja níta títí yóò fi le gan-an, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo onídèérí.

Tí ẹ bá ní tábìlì tí ẹ fẹ́ gbé wá, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jọ mí lójú. Ẹ ya ibi tí ẹsẹ̀ ti wọ igi, ẹ ya ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ya ibikíbi tí ẹnìkan bá ti kan ìṣó sí. Láti inú fọ́tò yẹn ni n ó ti sọ fún yín bóyá oṣù kan ni tàbí mẹ́rin, tàbí kí ẹ má wulẹ̀ gbé e wá rárá.