Lẹ́tà sí Bàbá Àgbà, ẹni tó fún ìjọ nílẹ̀

Bàbá Àgbà mi,

Èmi Àṣàkẹ́ yín ni. Ó di ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, n kò sì kọ lẹ́tà sí yín rí. Ìwé kan ló dé ọwọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí kò jẹ́ kí n sùn.

Ìjọ oko wa pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n tẹ ìwé ìtàn ìjọ, wọ́n sì fi í sórí WhatsApp àwa ọmọ abúlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Orúkọ gbogbo tíṣà ìjọ wà níbẹ̀ láti 1925. Orúkọ ẹni tó ra hàmóníọ́mù wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó yín méjèèjì sì wà nínú wọn. Nígbà tí ìtàn wá kan ilẹ̀, ohun tí wọ́n kọ ni pé, "Ọlọ́run sì pèsè ilẹ̀ fún àwọn ènìyàn Rẹ̀."

Bàbá, ilẹ̀ yín ni. Ẹ̀yin lẹ ṣán igbó ibẹ̀. Igi apá mẹ́rin tó ru òrùlé, inú oko yín lẹ ti gé e, èjìká yín àti ti àwọn àna yín ló gbé e débẹ̀. Ríìmù táyà lọ́rì tí wọ́n so mọ́ igi orombó tí a ń lù bí agogo, ara ọkọ̀ tó ń kó kòkó yín lọ sọ́jà ni wọ́n ti yọ ọ́. Bàbá mi máa ń sọ pé nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gé kòkó lulẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn lẹ́yìn ogun Hitler, tí wọ́n ní àrùn ti wọ̀ ọ́, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń sunkún lójú oko, ẹ kò jẹ ìjọ ní owó kíláàsì, owó tí ọmọ ìjọ ń dá, lọ́dún náà. Káàdì owó kíláàsì yín wà nínú àpótí mi títí dòní. Wọ́n kọ orúkọ yín síbẹ̀ gàdàgbà. Owó yín ní orúkọ, ilẹ̀ yín ni kò ní.

Mo mọ ohun tó fà á. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nílé. Ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà wa pé jọ sí Lambeth ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kí a má ṣe ìrìbọmi fún oníyàwó púpọ̀, kí ó ṣì máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò fi tọ́. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní a lè ṣe é fún àwọn kan nínú wọn. Òfin yìí ló rìn títí tó fi dé abúlé àgbẹ̀ tí kò ní ju ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Tíṣà ní kí ẹ mú ìyáálé, kí ẹ jẹ́ kí ìyá bàbá mi máa lọ. Ẹ bi í pé, "Kí ló ṣe tí n ó fi ní kó máa lọ?" Tíṣà kò rí èsì fọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn kì bá tí bí bàbá mi, kì bá sì sí Àṣàkẹ́ tí yóò kọ ìwé. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta lẹ fi wà ní kíláàsì ìrìbọmi, tí àwọn ọmọ tí ẹ gbé sẹ́yìn ń bá yín níbẹ̀, tí wọ́n ń fi yín síbẹ̀.

Èyí tí kò yé mi ni Agége. Ẹ ti ṣe lébìrà nínú oko kòkó níbẹ̀ kí ẹ tó di èso kòkó wálé. Ẹ mọ J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó kúrò ní ìjọ Breadfruit l'Ékòó ní 1901 tí wọ́n dá African Church sílẹ̀. Wọ́n ń kọ́ni ní kòkó, wọ́n ń wàásù, wọ́n sì ń gba oníyàwó púpọ̀ wọlé láì ní kó lé ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀, Bàbá. Kí ló dé tí ẹ kò lọ? Kí ló dé tí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, tí ẹ ń fa orúnkún yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn tó ń lọ jẹ ara Olúwa lè ráyè kọjá? Inú ń bí mi sí yín lórí èyí. Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n ó ń bí mi.

Ó sì ní ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ lé wa lórí. Sunday tó tẹ̀ lé e, mo jẹ ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́, mo wọ aṣọ funfun tí ẹ̀yin fúnra yín fi owó kòkó rà. Nírọ̀lẹ́, ẹ ń kó kòkó kúrò lórí ẹní nítorí ìrì. Ẹ pè mí sún mọ́ra, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ bi ọmọdé ní ohun ìtìjú. Ẹ ní, "Àṣàkẹ́, báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

Mo dúró ṣanṣan, mo dá yín lóhùn bí wọ́n ṣe kọ́ wa: "Bàbá, ẹni tí kò yẹ tó bá jẹ ẹ́, ẹ̀bi ló jẹ."

Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ ní, "Ó dáa, ìyá mi." Ẹ ká ẹní nílẹ̀. Ẹ kò bi mí mọ́ títí ẹ fi kú.

Mo ti tọ́ ọmọ, mo ti sin òbí, mo ti ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìntì. Kò sí ọ̀rọ̀ tó tẹnu mi jáde tó ń dùn mí tó ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn báyìí. Ó gbẹ, Bàbá. Ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó sì lẹ̀ mọ́ mi ní àjà ẹnu, mo ń fi ahọ́n yọ ọ́ títí orin fi parí. Wáìnì náà ta mí lọ́nà ọ̀fun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ǹ bá ti sọ ọ́ fún yín.

Nígbà tí ẹ kú, ẹnikẹ́ni kò lu ríìmù yẹn. Tíṣà wá, ṣùgbọ́n aṣọ ilé ló wọ̀ wá, ó gbàdúrà bí aládùúgbò, ó lọ. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1988, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tún pé jọ. Wọ́n ní oníyàwó púpọ̀ tó bá gbàgbọ́ lè ṣe ìrìbọmi, òun àti àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ tó gbàgbọ́, bó bá ti ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn kún wọn. Wọ́n ní kí a má fipá mú un lé ìyàwó rẹ̀ kankan, nítorí ìyà tí yóò jẹ obìnrin náà. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko ló gbà wọ́n láti dé ibi tí ẹ dúró sí lọ́jọ́ tí ẹ bi tíṣà léèrè.

Bàbá, èmi náà ti wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ọkọ tí mo bá ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì rìnrìn àjò lọ, ó fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀, kò padà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọkùnrin kan tó ní ìyàwó nílé fẹ́ mi, ó sì tọ́jú mi. Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ẹgbẹ́ ìyá, wọ́n ní kí n má súnmọ́ tábìlì Olúwa mọ́. N kò bá wọn jà. Bí ọ̀wọ́ bá ń dìde lọ síwájú, èmi náà a fa orúnkún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti oṣù kẹta ni rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ mi dúbúlẹ̀. Èmi àti ìyáálé mi la jọ ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di apá ọ̀tún mú, mo di tòsì. Owó ìfẹ̀yìntì mi kì í tó oògùn rẹ̀.

Wọ́n bu 20,000 náírà fún olúkúlùkù wa fún ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún. Mo ti san án lánàá, owó oògùn ọ̀sẹ̀ méjì ló bá a lọ. Mo ní kí akọ̀wé kọ orúkọ yín sí rìsíìtì. Ó yẹ rẹ́jísítà wò lókè nílẹ̀, ó ní òun kò rí orúkọ náà.

Mo pè é fún un, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, títí ó fi kọ ọ́ tán.

Àṣàkẹ́