Iná oòrùn ń bọ̀ lábúlé: ẹ má ṣe gbàgbé ẹbu gàrí

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń gbé iná oòrùn lọ sí àwọn abúlé Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ìlérí ìgbà ìbò, ó ti di ohun tí a ń fojú rí. Ṣùgbọ́n ó jọ lójú mi pé àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ń ka gílóòbù, wọn kò ka ààrò, bẹ́ẹ̀ ìdí ààrò gan-an ni ìnira àwọn ará oko wa pọ̀ sí jù lọ.

Àpẹẹrẹ rere kan wà nítòsí wa. Gbamu-Gbamu, abúlé àwọn olóko kòkó ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ti ní iná oòrùn tirẹ̀ láti ọdún 2018. Agbára pánẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 85. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló kọ́ ọ, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti ìjọba Jámánì sì ṣe ìrànwọ́ fún ètò tó gbé e kalẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì ń gba oòrùn lọ́sàn-án, bátìrì ń tọ́jú iná di alẹ́, jẹnẹrétọ̀ sì wà nílẹ̀ fún ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ ṣáá tí oòrùn kò yọjú. Ẹni tó bá ti sùn rí ní àwọn abúlé tó yí igbó ọba J4 ká, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń ṣú biribiri ní kété tí oòrùn bá wọ̀, yóò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Àwọn abúlé mìíràn yóò sì tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò kan tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iná abúlé, ìyẹn REA, ń bójú tó, èyí tí wọ́n ní yóò mú iná dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó tó 17.5 mílíọ̀nù nípasẹ̀ iná oòrùn. Ní ọdún 2023 kan náà ni àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè àti òfin tuntun lórí iná mànàmáná fún ìjọba ìpínlẹ̀ láṣẹ láti ṣòfin lórí iná ní ilẹ̀ tirẹ̀, kódà níbi tí iná ọba ti dé. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí nísinsìnyí, kí wọ́n tó máa ri òpó mọ́lẹ̀ ní àwọn abúlé tó kàn.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹbu gàrí kan ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tàbí Ògbèrè. Láàárọ̀ kùtù ni àwọn obìnrin á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tí yóò rin ín. Ẹ̀rọ náà ń mu epo, ó ń pariwo, ó sì ń tu èéfín dúdú. Ọjọ́ tí epo bá wọ́n, tàbí tí ẹni tó ni ín bá wọ ìlú lọ wá ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó á wà nílẹ̀, á sì máa dúdú. Bí wọ́n bá rin ín tán, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á gbé nǹkan wúwo lé e fún ọjọ́ mélòó kan kí omi rẹ̀ lè ro, kó sì kan dáadáa, nítorí kíkan yẹn ni àwọn ará ibòmíràn fi ń dá gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ̀ ọ́, kí wọ́n tó wá yan án. Ìdí agbada ni iṣẹ́ ti le jù. Obìnrin tó ń yan gàrí á jókòó ti iná, á fi igbá dání, á máa tẹ̀ ẹ́, á máa kó o, á máa yí i, kò sì gbọdọ̀ dáwọ́ dúró kó má bàa jóná. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, èéfín á kọjú sí i. Òun náà á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ní kúrò nínú agbada. Ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ń fa èéfín kan náà símú.

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn, mo sì mọ bí ojú àwọn tó ti pẹ́ nídìí agbada ṣe máa ń pọ́n, tí ikọ́ wọn kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé láti ara igi, èédú àti kẹrosíìnì ṣokùnfà ikú àwọn èèyàn tó tó 3.2 mílíọ̀nù lágbàáyé, tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 láàárín wọn sì lé ní 237,000. Àìsàn ọkàn, rọpárọsẹ̀, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wà lára ohun tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Ní abúlé, a kì í ka irú ikú bẹ́ẹ̀ sí èéfín lọ́rùn; a máa ń sọ pé ó ṣàìsàn díẹ̀ ni.

Nígbà tí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé máa ń dáhùn kíá pé kí a gbé ààrò oníná fún àwọn obìnrin náà, kí a sì jáwọ́ nínú igi. Èrò rere ni, àmọ́ ìṣirò kò gbà á. Ẹ̀gẹ́ tí a ti rin, tí a sì ti fún omi rẹ̀, ṣì máa ń ní omi tó tó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ nínú. Bí a bá yan 100 kìlò irú rẹ̀, omi tó lé ní 40 kìlò ló gbọ́dọ̀ gbẹ kúrò níbẹ̀ kí gàrí tó ṣeé dì sápò. Kìkì gbígbẹ omi yẹn gba nǹkan bíi yúníìtì iná 28 (yúníìtì kan ni iná tí ohun tó jẹ́ wáàtì 1,000 ń jẹ ní wákàtí kan), ká má tíì ka ooru tó bá afẹ́fẹ́ lọ. Gílóòbù wáàtì 10 tí a ń tàn fún wákàtí 5 lálaalẹ́ yóò lo ọdún kan àtààbọ̀ kó tó jẹ yúníìtì 28. Kò sí obìnrin tó ń yan gàrí tà tó lè san irú owó iná bẹ́ẹ̀ kó ṣì jèrè, pàápàá nígbà tí yúníìtì iná oòrùn abúlé máa ń wọ́n ju ti iná ọba lọ, nítorí pé àwọn oníbàárà díẹ̀ ló ń gbé gbogbo ìnáwó pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti òpó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́. Mọ́tò iná tó lè yí ẹ̀rọ kékeré abúlé kì í sábà ju kílówáàtì 4 lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé bí ó bá ṣiṣẹ́ gidi fún odidi wákàtí kan, nǹkan bíi yúníìtì 4 ni yóò jẹ, ẹ̀gẹ́ tí yóò sì ti rin láàárín wákàtí náà pọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọwọ́ kúrò nínú owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọdún 2023, àwọn tó ni ẹ̀rọ mọ bí owó epo ṣe ń jẹ èrè wọn. Ọ̀sán ni ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́, nígbà tí oòrùn wà lókè, tí iná ń ti ojú pánẹ́ẹ̀lì bọ́ sínú mọ́tò tààrà láìgba inú bátìrì kọjá. Bátìrì wà lára ohun tó gbówó lórí jù nínú gbogbo ètò náà, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ gbó. Abúlé tó bá ń lo iná rẹ̀ lálẹ́ nìkan ń fi gbogbo ẹrù lé bátìrì lórí, nígbà tí iná ọ̀sán ń ṣòfò. Bí ẹbu bá wọlé sí i, tí ẹni tó ń ran aṣọ, ẹni tó ń lọ ata, ẹni tó ní fìríìjì ẹja náà sì wọlé, owó yóò máa wọlé fún ilé-iṣẹ́ lọ́sàn-án, ó sì ṣeé ṣe kí owó yúníìtì rọ̀ fún gbogbo ilé. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé a máa ń fi iṣẹ́ ẹbu sí ẹ̀yìn, bí ẹni pé ohun àfikún ni, nígbà tó jẹ́ pé òun ló lè mú kí iná náà pẹ́.

Agbada fúnra rẹ̀ yóò wà lórí igi fún ìgbà pípẹ́ sí i, ohun tó sì yẹ ká ṣe ni pé ká tún ààrò rẹ̀ mọ. Ààrò tí a fi búlọ́ọ̀kù àti amọ̀ mọ yíká agbada, tí ẹnu rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri kí ẹni tó ń koná má bàa wà níbi tí wọ́n ti ń yan, tí ọ̀pá èéfín rẹ̀ sì yọ ju òrùlé lọ, kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Bíríkìlà abúlé lè mọ ọ́n bí a bá fi hàn án dáadáa. Igi tí yóò jó níbẹ̀ yóò dín sí ti ààrò olókùúta mẹ́ta, nítorí ooru kò ní máa sá lọ. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, wà ní Ìbàdàn, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta. Kò yẹ kí ìmọ̀ irú èyí jìnnà sí wa. Bí ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe ẹ̀ṣọ́ wọ Ojúde Ọba lọ́dọọdún bá mú ẹbu kan péré, kí wọ́n tún ààrò ibẹ̀ mọ láti inú owó aṣọ ọdún kan, a ó rí ìyàtọ̀ kí ọdún tó yípo. Mo fẹ́ràn ẹ̀ṣọ́ náà o, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́.

Ìkòkò ọbẹ̀ ilé ní tirẹ̀ rọrùn ju agbada lọ. Gáàsì ìdáná kì í ṣe iná oòrùn, inú ilẹ̀ ni a ti ń wà á, ṣùgbọ́n ó sàn fún ẹ̀dọ̀fóró ju igi àti èédú lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ohun tó ń dá ará oko dúró ni sílíńdà. Sílíńdà oníkìlò 12.5, tí a bá ti rọ gáàsì kún un, máa ń wúwo ju kìlò 25 lọ. Ìyá àgbà wo ni yóò gbé ìyẹn sórí ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kó sì gbé e padà? Sílíńdà kékeré oníkìlò 3 tàbí 5 tí wọ́n lè máa rọ ní ọjà wọn, tí wọ́n sì lè san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ ọjà bí wọ́n ṣe ń dá àjọ, ni yóò bá ìgbésí ayé wọn mu. Níbi tí iná oòrùn bá wà, ìkòkò oníná tó ń dé pinpin, tí ooru kò fi ní rọ́nà jáde kí nǹkan lè tètè jinná, tí kì í sábà ju wáàtì 1,000 lọ, lè se ẹ̀wà jinná láìjẹ tó odidi yúníìtì kan, bí a bá gbé e kaná lọ́sàn-án. Àwọn kan á ní ìkọ́kọrẹ́ orí gáàsì kò dùn tó ti orí igi. Èmi ti jẹ méjèèjì, ọwọ́ ẹni tó sè é ni mo rí ìyàtọ̀ sí.

Ti gáàsì tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti èèpo ẹ̀gẹ́ ṣe, tí àwọn kan máa ń dárúkọ, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ omi púpọ̀ àti ẹni tí yóò máa bójú tó o lójoojúmọ́. Ilé ẹlẹ́dẹ̀ ńlá lè gbìyànjú rẹ̀. N kò ní fi bẹ̀rẹ̀ ní abúlé. Ní Rẹ́mọ, ìṣòro náà tún gba ọ̀nà mìíràn yọ: ọ̀pọ̀ abúlé ibẹ̀ kò jìnnà sí òpó iná ọba rárá, síbẹ̀ iná kì í dé ọ̀dọ̀ wọn tàbí kí ó máa dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò yẹ kí a yọ irú wọn kúrò nínú ètò nítorí pé wáyà ń kọjá lórí oko wọn.

Ọ̀rọ̀ tó kù dá lórí àwọn tó ń jókòó nínú ìpàdé. Ìlànà tó wà fún àwọn ilé-iṣẹ́ iná kéékèèké fi àyè sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ àti ará abúlé láti jọ fẹnu kò lórí owó yúníìtì. Ohun rere nìyẹn, bí àwọn tó ń fẹnu kò bá jẹ́ àwọn tọ́rọ̀ kàn. Níbi tí mo ti bá wọn jókòó, baálẹ̀, àwọn olórítún àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló máa ń kún ibẹ̀, òwúrọ̀ ni wọ́n sì máa ń pè é, nígbà tí àwọn obìnrin ti wà lẹ́bu. Bí wọ́n bá gbé ìpàdé náà lọ sí ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì pe ìyálọ́jà àti àwọn olórí ẹbu, wọn yóò gbọ́ ohun tí wọn kò bá nínú fọ́ọ̀mù. Bákan náà ni mo rò nípa àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Ìwọpin àti Mákùn-Omi, tí èéfín tiwọn kò kéré sí ti ẹbu gàrí.

Ìjọba ìbílẹ̀ lè kọ orúkọ gbogbo ẹbu tó wà lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìná owó ńlá: ibi tí wọ́n wà, iye ẹ̀rọ àti agbada tó wà níbẹ̀, àti irú epo tí wọ́n ń lò. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ wá sọ ọ́ di dandan pé ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ yóò fi hàn bí iná rẹ̀ yóò ṣe dé àwọn ẹbu náà, kí apá kan nínú owó ìrànwọ́ sì lọ sórí mọ́tò àti ààrò tuntun. Ẹ̀yin ará oko tó ń ka lẹ́tà yìí, bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti ń wọn ilẹ̀ ní abúlé yín, ẹ bi wọ́n pé mọ́tò ẹbu mélòó ló wà nínú ìṣirò wọn, ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kan nínú iṣẹ́ ọ̀gbìn,
Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.