Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Bíríkìlà àti Káfíńtà Pópó Àgùdà Lórí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Erékùṣù Èkó àti gbogbo káńsẹ́lọ̀,

Ẹ̀yin Ọlọ́lá,

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni àwa bíríkìlà, káfíńtà àti akunlé tí à ń ṣiṣẹ́ ní Pópó Àgùdà fi kọ ìwé yìí, láti bẹ̀ yín pé kí ìjọba bá ọ̀kan nínú àwọn ẹbí tí pẹ́tẹ́ẹ̀sì Àgùdà wọn ṣì wà lórí ìdúró ṣe àdéhùn, kí a tún ilé náà ṣe bí ó ti rí látilẹ̀, kí ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ó ti máa fi ìtàn, àṣà àti iṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò wa han tọmọdé-tàgbà.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, àti àwọn ọmọ wọn tí wọ́n padà wálé láyé àwọn baba ńlá wa, ni a ń pè ní Àgùdà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn mú bọ̀, wọn kò sì fi í pamọ́. João Baptista da Costa ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894. Ẹni tó bá a ṣe é ni Sanusi Aka, ọmọ ilẹ̀ yìí. Onígbàgbọ́ kọ́ ilé Ọlọ́run fún Mùsùlùmí, ọmọ Èkó sì ti ibẹ̀ di ọ̀gá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ìlà iṣẹ́ tiwa náà ni.

Ó ṣì ń dùn wá pé Ilojo Bar, ọ̀kan nínú àwọn ilé Àgùdà àtijọ́, kò sí mọ́ ní Tinúbú. Ẹbí Fernandez kọ́ ọ lọ́dún 1855, Alfred Omolana Ọláìyá rà á lọ́dún 1933, ìjọba sì kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni àṣẹ ìjọba fi wà lórí rẹ̀. Ohun tí àwa rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ilé tí ènìyàn kò lò, tí oníṣẹ́ kò sì dé ìdí rẹ̀, àṣẹ orí ìwé kò lè gbé e ró.

Ọ̀nà tí a ó gbà tún ilé náà ṣe ló jẹ wá lógún jù lọ. Ògiri àwọn ilé wọ̀nyí nípọn. Amọ̀ àti bíríkì ni àwọn àgbà fi mọ ọ́n, ẹfun tí wọ́n sun láti ara ìkarahun ni wọ́n sì pò mọ́ yanrìn láti fi rẹ́ ẹ. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ a máa fa omi láti ilẹ̀, a sì máa tú u jáde nígbà tí oòrùn bá ràn. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi kò ní ríbi gbà jáde mọ́; òde yóò máa dán, inú yóò máa rà, títí di ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò ṣí kúrò pẹ̀lú amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Àwa fúnra wa ti ṣe àṣìṣe yìí rí nígbà tí onílé ń fẹ́ iṣẹ́ kíákíá, a sì ti padà lọ kó àlàpà ibẹ̀. Nítorí náà, a bẹ̀ yín pé bí iṣẹ́ bá dé, kí ẹ má ṣe gbé e fún kọngílá tí yóò fọ́ òdòdó ara ògiri dànù, tí yóò sì fi fèrèsé onírin rọ́pò fèrèsé onígi tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, tí dígí aláwọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní ti ohun tí yóò wà nínú ilé náà, a fẹ́ kí aṣọ àti ìbòjú kàrétà, eré ọdún àwọn Àgùdà, wà níbẹ̀, kí àwọn ìyá àdúgbò máa se frejon, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ Rere gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sè é nílé, kí àwọn àgbà sì máa pàlọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé lálẹ́. Kí yàrá kan nísàlẹ̀ jẹ́ ibi iṣẹ́, tí ọmọ iṣẹ́ yóò ti máa kọ́ bí a ṣe ń po ẹfun àti bí a ṣe ń gbẹ́ igi àtẹ̀gùn, kí àlejò lè máa wò wọ́n.

Ẹ ti rí i bí ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Broad Street ṣe di Freedom Park lọ́dún 2010, tí ènìyàn ń wọ́ lọ síbẹ̀ fún eré àti àṣà. Ilé kan ṣoṣo ni àwa ń béèrè. Kí ìjọba ra ohun èlò. Ẹgbẹ́ wa yóò fi ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí yóò fi parí. Kí ilé sì máa jẹ́ ti ẹbí tó ni ín, kí wọ́n máa gba owó ilé wọn lọ́dọọdún, nítorí ẹni tí a bá lé kúrò nínú ilé baba rẹ̀ kò ní fẹ́ sọ ìtàn ilé náà fún ẹnikẹ́ni.

Òrùlé ni kí a kọ́kọ́ mú, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. A bẹ̀ yín kí ẹ dá ọjọ́ kan fún wa, kí a jọ rìn yí Pópó Àgùdà ká pẹ̀lú ẹnjiníà yín, kí a lè tọ́ka sí àwọn ilé tí ògiri wọn ṣì le.

Àwa ni ti yín ní tòótọ́,

Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́