Bí Owó Ọbẹ̀ Kò Bá Tó, Ẹ̀wà Ni Kí Á Kọ́kọ́ Rà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo máa ń ka ojú ìwé ìlera inú ìwé ìròyìn yín déédéé, mo sì mọ rírì rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni oúnjẹ tí àwọn amòye ń dárúkọ níbẹ̀ jẹ́ èyí tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù kò tó: ẹja tútù, mílíìkì, ẹyin láràárọ̀, èso tí wọ́n kó wá láti òkè òkun. Obìnrin tó ń gbé ní Kabba tàbí Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogí wa yìí, tí owó tó ń wọlé fún òun àti ọkọ rẹ̀ kò tó nǹkan, yóò ka irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ tán, yóò sì gbà pé oúnjẹ aṣaralóore kì í ṣe ti irú òun. Èrò yẹn ni mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí ta kò. Mo kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ní Yàgbà àti Ìjùmú kí n tó fẹ̀yìn tì, ó sì dá mi lójú pé lára oúnjẹ tó dára jù fún ara wà nínú àwọn tí owó wọn kò ga jù ní ọjà wa, bí a bá mọ ohun tó yẹ kí á fi owó rà ṣáájú.

Gbogbo wa la mọ bí nǹkan ṣe rí láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Owó ọkọ̀ láti Lọ́kọ́jà sí Kabba àti láti Kabba sí Ẹ̀gbẹ̀ gbówó lórí, gbogbo ohun tí ọkọ̀ ń kó sì tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé owó oṣù tó kéré jù láti 30,000 náírà sí 70,000 náírà ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n ọjà ti gba àfikún náà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kó tó délé. Ohun tí mo wá ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé ni pé bí owó bá ti ń dín kù, ẹ̀wà ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ kúrò, nítorí pé òun náà ti wọ́n, ó sì ń jẹ igi ìdáná. Wọn yóò fi ìwọ̀nba owó tó kù ra ẹran tàbí pọ̀nmọ́ díẹ̀ tí yóò fara hàn lójú ọbẹ̀, wọn yóò ra máàgì tí yóò fún un ládùn, ìrẹsì tàbí gààrí ni yóò sì kún ikùn. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò gbè wá.

Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, purotéènì tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 23. Nínú ẹran màlúù tútù tí ìwọ̀n rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 20 ni. Ti sóyà sì ń lọ sí bíi 36. Ẹ̀wà yóò tún mu omi, yóò wú nínú ìkòkò, nígbà tí ẹran yóò sún kì. Òótọ́ ni pé purotéènì ẹran pé ju ti ẹ̀wà lọ, ṣùgbọ́n ohun tó dín nínú ẹ̀wà wà nínú àgbàdo, ohun tó dín nínú àgbàdo náà sì wà nínú ẹ̀wà, èyí ni adáàlú àti ègbo pẹ̀lú ẹ̀wà fi jẹ́ oúnjẹ gidi. Ní ti pọ̀nmọ́, purotéènì inú rẹ̀ kò pé, kò sì lè dá nìkan ró fún ọmọ tó ń dàgbà. Kí ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ máa jẹ ẹ́, kó má ṣáà fi owó ẹ̀wà rà á.

Èyí tó dùn mí jù ni ti òtílí, tí òun náà jẹ́ irú ẹ̀wà kan. Ó ń hù dáadáa lórí ilẹ̀ wa, ó ń fara da ọ̀dá, kò sì bèèrè ajílẹ̀ púpọ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ìyàwó ilé ni kò mọ bí a ṣe ń sè é mọ́, wọ́n ní ó le, pé kì í tètè jinná. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ni oògùn rẹ̀. Kí ẹ ṣà á, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lálẹ́, kí ẹ da omi náà nù láàárọ̀, kí ẹ gbé e kaná pẹ̀lú omi tuntun. Bí ó bá ti hó fún ìgbà díẹ̀, ẹ fa igi jáde tàbí kí ẹ pa gáàsì, kí ẹ dé ìkòkò náà pinpin, kí ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ooru inú rẹ̀ yóò máa bá yín ṣiṣẹ́ lọ láìjẹ́ pé ẹ ń ná owó. Nígbà tí ẹ bá tún dáná sí i, kò ní pẹ́ rọ̀ mọ́. Bákan náà ni ẹ lè ṣe ẹ̀wà funfun àti ẹ̀wà pupa. Mo bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n jáwọ́ nínú fífi káún sè é, nítorí pé lóòótọ́ ni káún ń mú kí ẹ̀wà tètè rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì B1 inú rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí òtílí bá jinná tán, epo pupa díẹ̀, ata, àlùbọ́sà àti irú ti tó o, a sì lè fi jẹ iṣu sísè.

Sóyà kò yẹ kó máa jẹ́ ti àwọn tó ń ta wàrà lẹ́bàá ọ̀nà nìkan. Ẹni tó bá rẹ ẹ́ mọ́jú, tó bó o, tó lọ̀ ọ́, tó sì fi aṣọ sẹ́ ẹ, ti ní omi sóyà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ó sè é kó hó dáadáa, kí ó máa rò ó, nítorí pé sóyà tí kò jinná ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ikùn lo purotéènì rẹ̀ bó ṣe yẹ. Èérí tó ṣẹ́kù nínú aṣọ kì í ṣe ohun tí à ń dànù. A lè pò ó mọ́ ẹ̀wà lílọ̀ láti fi din àkàrà, tàbí kí á dà á sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kó jinná pọ̀ mọ́ ọn.

Mo ní láti mẹ́nu ba àwọn ọmọdé, nítorí pé ohun tí mo ń wí yìí kò túmọ̀ sí pé ẹran àti ẹyin kò wúlò. Bí ẹyin kan ṣoṣo bá wà nínú ilé, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já lẹ́nu ọmú tàbí aboyún ni ó tọ́ sí, kì í ṣe bàbá. Mo mọ̀ pé àṣà wa ni kí ẹran tó tóbi jù wà nínú abọ́ baálé ilé, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn baálé ilé, ṣùgbọ́n egungun bàbá ti gbó, ti ọmọ ni kò tíì gbó. Ìgbàgbọ́ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè ti pa àwọn ọmọ wa lára tó.

Ẹ̀fọ́ kò ṣòroó rí lọ́dọ̀ wa: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, ìṣápá, gbúre. Kí á fọ̀ ọ́ kí á tó gé e, kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá gé e tán, kí á má sì máa bọ̀ ọ́ títí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi lọ, nítorí pé inú omi tí à ń dà nù yẹn ni púpọ̀ nínú oore rẹ̀ ń bá lọ. Ẹ̀fọ́ tí kò pẹ́ lórí iná, tí a bá jẹ mọ́ ẹ̀wà, a tún máa jẹ́ kí ara rí èròjà irin inú ẹ̀wà náà gbà. Irú ní tirẹ̀ ní purotéènì, ó sì ń ta sánsán. Máàgì kò ní tó bẹ́ẹ̀, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi ṣíbí ìmutíì kan. Ó ká mi lára pé wọ́n ń gé igi igbá, tí a ń fi hóró rẹ̀ ṣe irú, láti fi sun èédú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́ jù wà ní oko, kí ìkòkò tó dé orí iná. Àwọn àgbẹ̀ wa máa ń kó ẹ̀wà àti sóyà wọn tà tán nígbà ìkórè, nígbà tí owó rẹ̀ relẹ̀ jù, lẹ́yìn náà ni ìyàwó wọn yóò lọ fi múdù ra ẹ̀wà kan náà ní ìlọ́po owó nígbà òjò. Ìbẹ̀rù kòkòrò ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ sá a kó gbẹ kanrinkanrin, kí ẹ rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó sì gbẹ, títí dé ọrùn, kí ẹ dé e kí afẹ́fẹ́ má lè wọlé rárá. Kòkòrò tí kò bá rí afẹ́fẹ́ mí yóò kú síbẹ̀. Kò yẹ kí oògùn apakòkòrò kan oúnjẹ. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC gbé ìgbésẹ̀ láti dá títa ike kéékèèké dichlorvos, ọ̀kan lára oògùn apakòkòrò wọ̀nyí, dúró, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń fi í sí ẹ̀wà tí àwa àti ọmọ wa yóò jẹ.

Nítorí náà, Olóòtú, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fi àyè kékeré sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún iye tí wọ́n ń ta ẹ̀wà, sóyà, òtílí àti irú ní àwọn ọjà bíi Kabba, Mọ́pà, Ìyàrá àti Ẹ̀gbẹ̀, kí àwọn tó ń kàwé yín lè mọ ibi tó ti pọ̀ àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n rà á. Bí ẹ bá fẹ́ kí a tún kọ bí a ṣe ń se àwọn oúnjẹ wọ̀nyí sí i, mo ṣe tán láti máa kọ ọ́ ránṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Mọ́pà, ìpínlẹ̀ Kogí.