Ẹ bá wa sún okùn yẹn sẹ́yìn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àwọn tó ń ṣètò àfihàn bàálù ogun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí léèrè: ta ni wọ́n ń gbé jẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn kalẹ̀ fún? Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n ta okùn yí jẹ́ẹ̀tì ogun F-16 kan ká, mítà mẹ́ta péré sí ara rẹ̀. Kò sí ayàwòrán tó lè ya imú mọ́ ìrù sínú fọ́tò kan.

F-16 gùn tó mítà 15. Láti mítà mẹ́ta, mítà mẹ́rin àbọ̀ péré ni lẹ́ńsì kámẹ́rà 24mm, tó ń rí ibi tó fẹ̀, lè rí. Kó tó gba gbogbo bàálù náà, àfi kéèyàn fà sẹ́yìn tó mítà 10. Ẹni tó gbé lẹ́ńsì 50mm dání, tí kì í rí ibi tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, á fà sẹ́yìn tó mítà 21. Bẹ́ẹ̀ bí a bá lo lẹ́ńsì tó ń rí ibi tó fẹ̀ ju ti 24mm lọ nítòsí bẹ́ẹ̀, imú á wú bí bàrà, ìrù á wá rí bíńtín.

A mọ ìdí tí okùn fi wà. Etí apá bàálù ogun mú, ó sì máa ń bá orí èèyàn dọ́gba. Ìdérí lẹ́ńsì tó bọ́ sílẹ̀ lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ bó bá fà á wọlé. Ṣùgbọ́n ṣé okùn tó wà ní mítà 12 kò dáàbò bo èèyàn ju ti mítà mẹ́ta lọ ni?

Wọ́n tún to bàálù sí gúúsù ọ̀nà tí àwa òǹwòran ń gbà, kí oòrùn lè máa wọ̀ wá lójú látàárọ̀ dalẹ́! Bí kámẹ́rà bá fi ojú ọ̀run díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, bàálù á dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí a bá fi ìmọ́lẹ̀ kún un dé +1 lórí kámẹ́rà, ìyẹn ìlọ́po méjì, ojú ọ̀run á funfun báláú. Kí ẹnikẹ́ni má sì ní ká lo fílítà polarizer, èyí tó ń dín dídán kù. Ike ni ohun tó bo orí awakọ̀ F-16, kì í ṣe gíláàsì. Àwọ̀ òṣùmàrè ni fílítà yẹn máa ń mú jáde lára rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe rèé. Kí wọ́n to jẹ́ẹ̀tì sí àríwá ọ̀nà, kí imú kọjú sí gúúsù, kó wá dagun díẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ lè hàn. Kí àyè tó mítà 10 wà láàárín bàálù méjì, kí ìrù ti ẹ̀yìn má bàa dà bí ìwo lórí ti iwájú. Láti ìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn títí di aago mẹ́wàá àárọ̀, kí okùn wà ní mítà 12: oòrùn oṣù Keje ṣì ń dagun nígbà yẹn, ó ń dé abẹ́ apá. Tó bá fi máa di aago kan ọ̀sán, ó ti gun òkè, inú òkùnkùn sì ni ikùn bàálù máa wà. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá, kí wọ́n wá sún okùn dé mítà mẹ́ta fún àwa tó fẹ́ ya táyà, ìṣó ara rẹ̀ àti ẹnu ẹ́ńjìnnì. Okùn lórí òpó onírin ni, kì í ṣe odi; èèyàn mẹ́rin á sún un kí ẹnìkan tó mu tíì tán.

Kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ìrù, kó má bàa wọ inú fọ́tò. Kí wọ́n kó pátákó àwọn onígbọ̀wọ́ kúrò lábẹ́ imú.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá yìí, owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Mítà mẹ́ta! Fún ohun tó gùn ní mítà 15!

Èmi ni tiyín,
Ayàwòrán bàálù kan,
Peckham, London.