Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi wá léèrè àgbo tí à ń mu

Sí Olóòtú,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé egbòogi kì í pani lára, ìbá wù mí kó wá wo ojúgun mi ní Kubwa níbí.

Aránṣọ ni mí. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ dì sí mi lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, wọ́n sì ní kí n máa lo warfarin kó má baà tún dì. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní INR, tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ; bó bá ṣe ga tó ni ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ń pẹ́ tó. Àárín 2 sí 3 ló yẹ kó wà, ibẹ̀ náà ló sì ń wà.

Ọkùnrin kan ló dìde nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ ní Berger. Ó gbàdúrà, a ṣe àmín, ló bá fa ìgò yọ: aáyù, ata ilẹ̀, àti olú dúdú kan tó rí bí etí, tó ní ara igi tó ti rà ló ń hù sí. Ó ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Èmi náà ní ohun tí mò ń wá kúkú nìyẹn. Ìdérí kan láàárọ̀, ìkan lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo ń run orín láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tutọ́, ó pọ́n wàá. Ìyàwó mi ká ṣòkòtò mi sókè, ojúgun ti dúdú káàkiri bí ẹni ta aró sí i. “Bàbá Ṣẹ́gun, ta ló nà yín?” Kó tó di ọ̀sán, ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú mi, kò dá. INR ti di 7! Fítámì K, tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dì, ni wọ́n fi gbà mí.

Dókítà ọ̀dọ́ kan ló là á yé mi pé aáyù àti ata ilẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dì, ká má tíì sọ pé èèyàn pa á pọ̀ mọ́ warfarin. Irú olú bẹ́ẹ̀ gan-an, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Dale Hammerschmidt, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1980, pé nínú oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, kì í jẹ́ kí èròjà tó ń dí ojú ọgbẹ́ ṣù pọ̀ dáadáa. Bóyá òun ló wà nínú ìgò tèmi, Ọlọ́run àti ọlọ́jà yẹn ló mọ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń lọ gbàtọ́jú, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé, “Bàbá, kí lẹ tún ń mu?” Ká sọ tòótọ́, mo lè parọ́. Ojú mi ni nọ́ọ̀sì kan ṣe jágbe mọ́ obìnrin kan tó ní òun mu àgbo jẹ̀dí. Gbogbo àwa tá a wà lórí ìlà pa lọ́lọ́. Ẹ bá mi bẹ àwọn oníṣègùn wa, kí wọ́n máa bi wá bí ọmọ ṣe ń bi bàbá rẹ̀.

Ìyàwó mi fẹ́ da ìyókù ìgò náà nù, mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, màá gbé e ka orí tábìlì dókítà.

Aránṣọ kan,
Kubwa, Abuja.