Ẹ Jẹ́ Ká Parí Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Aláìlówáyà Ilé Ìwòsàn Wa: Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, a kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àṣelà.

Ẹ̀rọ tó ń wo ọ́síjìn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, tó sì ń fi òǹkà ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì láìlo wáyà, la fẹ́ bá yín sọ. A ò ní máa tún ìtàn bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ sọ. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù lóru ọjọ́ tí ara aláìsàn yí padà láìsí ẹni tó tètè mọ̀, gbogbo wa la sì fẹnu kò nípàdé pé irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Ibi tí iṣẹ́ dé la fẹ́ sọ, torí pé iṣẹ́ ti dúró. Ó ti dúró gbagidi.

Àwọn ẹ̀rọ orí ìka tó ń wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ti dé, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ ìfúnpá pẹ̀lú ọ̀já apá wọn, èyí tí wọ́n ń dì mọ́ apá aláìsàn, náà ti dé. Ohun tí kò tíì dé ni àwọn àpótí alátagbà tí a máa kàn mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù, àti kọ̀ǹpútà olójú ńlá tó yẹ kó wà lórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo ohun tó kù yẹn. Bluetooth ni ẹ̀rọ ara aláìsàn fi ń sọ̀rọ̀, Bluetooth irú èyí kì í sì í rìn jìnnà: bíi mítà 10 ni, ògiri á tún gé e kúrú. Àpótí ara ògiri ló máa gbọ́ ohun tó ń sọ, tí yóò fi Wi-Fi tàbí síìmù gbé e dé iwájú nọ́ọ̀sì. Nígbà tí kò sí àpótí, òǹkà á yọ lójú ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, ibẹ̀ náà ni yóò sì parí sí.

Ẹni tó bá wọ wọ́ọ̀dù wa lóru báyìí á rí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, tó ń ti ibùsùn kan bọ́ sí èkejì. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wo òǹkà orí ìka, á fi bíírò kọ ọ́ sínú ìwé, á tún kọjá lọ. Ẹni tí ọ́síjìn rẹ̀ wà ní 96 nínú 100 nígbà tí nọ́ọ̀sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lè ti já wá sí 85 kó tó yí padà débẹ̀. Ẹ sì jẹ́ ká rántí pé aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè má pariwo rárá. Nígbà àrùn kòrónà lọ́dún 2020, àwọn dókítà káàkiri àgbáyé rí àwọn tó ń tẹ fóònù wọn, tí wọ́n ń dáhùn ọ̀rọ̀ geerege, tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti lọ sílẹ̀ débi tí ó ń bani lẹ́rù. Láti 95 sí 100 ló yẹ kó wà lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 90, ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí wọ́n fún un ní ọ́síjìn. Sìlíńdà ọ́síjìn tí ẹgbẹ́ yìí rà wà nínú yàrá náà, ó kún, ó dúró sígun ògiri. Ọ́síjìn wà. Ẹni tó máa mọ̀ lásìkò pé aláìsàn nílò rẹ̀ ni a ò ní.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó ń dùn wá jù. Ìlú tó múlé gbè wá, tí a ti jọ ń du ohun gbogbo láti ayébáyé, ti parí tiwọn. Ẹ̀yìn wa ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn aṣojú wọn ti wá béèrè irú ẹ̀rọ tó yẹ kí wọ́n rà, a sì fi tinútinú là wọ́n lọ́yẹ̀. Lónìí, nọ́ọ̀sì wọn jókòó sídìí tábìlì, gbogbo ibùsùn wà níwájú rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Bí ọ́síjìn ẹnì kan bá rẹlẹ̀, ẹ̀rọ á ké, á sì fi ibùsùn onítọ̀hún hàn. Ní wọ́ọ̀dù ìbímọ wọn, ọ̀já apá ń wọn ìfúnpá abiyamọ fúnra rẹ̀ ní àsìkò tí wọ́n dá fún un, ní tọ̀sán tòru. Ẹ̀yin ìyá wa mọ ìdí tí èyí fi ṣe kókó. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún kì í fi gbogbo ìgbà tán nígbà tí ọmọ bá ti jáde. Ó lè ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orí sókè lẹ́yìn ìbímọ. Bó bá ti kan 160 lórí 110, pàjáwìrì ni, gìrì lè tẹ̀lé e, ó sì lè gbẹ̀mí ìyá tí gbogbo ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí kú ewu.

Wọ́n da omi síwájú, wọ́n ń tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn ọmọ ìlú wa sì ń gbé ìyá tiwọn kọjá lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn wa lọ síbẹ̀. A ò bá wọn wí, ìyá ẹni ni ìyá ẹni. Ṣùgbọ́n ó ń ta wá lára, ó sì yẹ kó ta gbogbo wa lára.

A gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ pẹ̀lú. Wọ́n ní ibo lowó wọlé sí. Wọ́n ní àwọn rí ẹ̀rọ orí ìka lọ́jà tí owó rẹ̀ kò ju táṣẹ́rẹ́ lọ, kí ló dé tí tiwa fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, nítorí náà a ó dáhùn.

Ọgbọ́n tí Takuo Aoyagi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Japan, gbé jáde láàárín àwọn ọdún 1970 náà ni ẹ̀rọ orí ìka ṣì ń lò. Ìmọ́lẹ̀ méjì ló ń tàn gba inú ìka kọjá, ọ̀kan pupa, èkejì tí ojú èèyàn kò lè rí. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àti èyí tí kò gbé e kì í fa ìmọ́lẹ̀ méjèèjì mu bákan náà, ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò. Ṣùgbọ́n ara ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ara ọ̀hún sì ní àwọ̀. Lọ́dún 2020, àwọn dókítà Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ẹ̀rọ wọ̀nyí ń pe ọ́síjìn tó ti lọ sílẹ̀ ní èyí tó dára, àti pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2021, àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn lọ́hùn-ún kéde ìkìlọ̀. Àwọ̀ tiwa ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. A wá ní kí ìgbìmọ̀ lọ gba ẹ̀rọ pọ́ọ́kú tí ẹnikẹ́ni kò dán wò lára aláwọ̀ dúdú? A kọ̀ ọ́. Èyí tó ní ìwé àyẹ̀wò la rà, òun ló sì wọ́n.

Àwọn mìíràn ní aago ọwọ́ tó ń wọn ìfúnpá láìsí ọ̀já ni à bá rà. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ti ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ ọ́ lọ́dún 2022 pé irú àwọn ẹ̀rọ aláìlọ́já bẹ́ẹ̀ kò tíì tó ohun tí wọ́n lè fi mọ̀ bóyá ẹnì kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìdí nìyẹn tí a fi ra èyí tó ní ọ̀já apá. A sì ra kékeré, àárín àti ńlá, torí pé bí ọ̀já bá fún ju apá lọ, òǹkà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá tóbi jù, òǹkà á rẹlẹ̀. Ẹni tó ń béèrè ìdí tí a fi ra ọ̀já mẹ́ta sí ẹ̀rọ kan, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ìwé ìnáwó wà lọ́wọ́ akápò. Àwọn olùṣàyẹ̀wò tí ẹ̀yin fúnra yín yàn ti wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n sì ti buwọ́ lù ú. Ìgbìmọ̀ kò fi kọ́bọ̀ wọkọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rí rìsíìtì, kó wá, a ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Ohun tí a ò lè gbà ni kí ẹni tí kò tíì san ìdá tirẹ̀ máa béèrè ibi tí owó wà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé èyí. Àwọn tó ṣèlérí pọ̀ ju àwọn tó mú un ṣẹ lọ fíìfíì. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n ẹ mọ ara yín. Ẹ dìde nípàdé, ẹ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ dá iye, a pàtẹ́wọ́, a kí yín mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, a pè yín, ẹ ò gbé e. A kọ̀wé sórí WhatsApp, àmì búlúù yọ, èsì ò yọ. Ìlérí ọmọlúàbí, gbèsè ni. Bí nǹkan kò bá rọgbọ, ẹ sọ fún wa, a ó jọ wá bí ẹ ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yín ló ń pa iṣẹ́ yìí lára ju àìsanwó lọ, torí pé a ò lè bá ẹni tó ń ta àpótí ná ọjà lórí owó tí a ò mọ ìgbà tó máa wọlé.

Ẹ wo àwọn tó ti san. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn mú tirẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó dì í sínú gèlè, ó sì ka gbogbo rẹ̀ níṣojú akápò kí ó tó jókòó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìdajì ránṣẹ́, ó ní òun á parí ìyókù nígbà ìsinmi, ó sì parí rẹ̀. Ẹ̀yin tí Ọlọ́run bù kún ju àwọn wọ̀nyí lọ, kí la fẹ́ sọ fún wọn?

Ìlú wa kì í bẹ̀rẹ̀ kó má parí. Ọwọ́ ara wọn ni àwọn baba wa fi mọ ògiri ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ ABD, wọn ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn yìí gan-an, àwa la kọ́ ọ, níbi tí àwọn ìlú mìíràn ṣì ti ń kọ lẹ́tà. Àwọn nọ́ọ̀sì wa já fáfá, wọ́n sì ti ń béèrè ìgbà tí ẹ̀kọ́ lílo ẹ̀rọ máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn ṣe pàtàkì. Bí wọn kò bá mọ bí a ti ń to aláàmù sí bí ara aláìsàn kọ̀ọ̀kan ṣe rí, á máa ké nígbà tí onítọ̀hún bá kàn yí ọwọ́ padà, etí á sì di sí i títí tí òótọ́ á fi dé. Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà nínú èyí tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni bátìrì inú àpótí, èyí tí kò ní jẹ́ kí òǹkà sọnù bí iná bá lọ.

Owó ìdá kò yí padà. Àkáǹtì ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn káàdì ọmọ ẹgbẹ́ yín ni kí ẹ san án sí. Ẹ má san án sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ orúkọ yín àti “Ẹ̀rọ Wọ́ọ̀dù” sí i, kí ẹ fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí akápò. Ẹ lè pín in sí mẹ́ta. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni gbèdéke.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókèèrè, tí àwọn òbí yín wà nílé, ẹ̀yin la ń bẹ̀ jù. Bí ara ìyá yín kò bá yá láàárín òru, kì í ṣe ìlú tí ẹ wà ni wọ́n máa gbé e lọ. Wọ́ọ̀dù yìí ni. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé tọ́ọ̀ṣì kiri yìí náà ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn àpótí tó kù wọ̀nyí pẹ́ níta mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti san, a dúpẹ́, Olúwa á san án padà fún yín. Ẹ bá wa bá ẹni tó sún mọ́ yín tí kò tíì san sọ̀rọ̀, bóyá ohùn yín á wọ̀ ọ́ létí ju tiwa lọ.

Nípàdé tó ń bọ̀, a ó ka orúkọ gbogbo àwọn tó ti san. A ó sì ka ti àwọn tó ṣẹ́kù pẹ̀lú iye tí wọ́n fi ẹnu ara wọn dá.

Akọ̀wé Àgbà,
Lórúkọ Ìgbìmọ̀ Alákòóso